Ẹ Ya Owó Alágbàṣe Sọ́tọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Bíríkìlà ni mí. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, London ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ìdí nìyẹn tí ìjọ wa fi ní kí n bá wọn lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́lé fún àwọn tí omi gba ilé lọ́wọ́ wọn ní Màláwì. Inú mi kò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ìjọ yín náà ń múra irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ óò rántí ìjì Freddy. Ìhà Australia ló ti gbéra ní February 2023, ó la Òkun Íńdíà já, ó kọlu Madagascar àti Mozambique, kó tó wá da òjò oṣù mẹ́fà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà ní gúúsù Màláwì ní oṣù March. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000, àwọn tó di aláìnílé sì lé ní 500,000. Agbègbè Phalombe, lẹ́bàá òkè Michesi, ni wọ́n rán wa lọ. Ẹrẹ̀ àti òkúta ńláńlá ya wálẹ̀ láti orí òkè, wọ́n bo abúlé mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí, ní March 1991. Napolo ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é, ejò ńlá tí wọ́n ní ó ń gbé abẹ́ òkè. Bó bá ti gbéra, omi á ya lu ìlú.

Ọ̀pọ̀ ilé tó wó, bíríkì tí wọn kò sun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹrẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ ọ́n dípò símẹ́ńtì. Bí omi bá ti dúró lẹ́sẹ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó ti tán. Àgbà bíríkìlà tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ gbogbo èyí ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Bambo ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe èèyàn ní Bàbá. Bí ọkọ̀ bá já bíríkì, á mú méjì, á kàn wọ́n mọ́ra nítòsí etí rẹ̀. Èyí tó bá dún ganran ti jinná. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọkàn mi ti fà mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọdún 2024 ni a lọ, lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọ̀dá ti jẹ àgbàdo wọn run lọ́dún náà. Láti March ni Ààrẹ Lazarus Chakwera ti kéde pé àjálù ti dé bá ẹkùn 23 nínú 28 tí ilẹ̀ náà ní. Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kò ní oko tó so. Ganyu ni wọ́n gbójú lé, iṣẹ́ àgbàṣe tí èèyàn ń ṣe lónìí kó lè rí jẹ lọ́la. Ó tún wá jẹ́ pé ní November 2023, báńkì àpapọ̀ wọn ti já kwacha, owó ilẹ̀ Màláwì, wálẹ̀ ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́n-ùn tiwa wá ń ra kwacha púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba kwacha, ọjà ti kọjá agbára rẹ̀. Kí a tó kúrò ní London, mo béèrè nínú ìpàdé pé owó òṣìṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ó wà nílẹ̀. Àwọn tó wà ní ìpàdé náà lè jẹ́rìí mi.

Àdéhùn ni pé gbogbo Sátidé la ó máa sanwó. Sátidé àkọ́kọ́, àbọ̀ ni wọ́n rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sátidé tí mi ò lè gbàgbé. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ti fọ ṣọ́bìrì, wọ́n ti fọ bàrò, wọ́n tò wọ́n ti ara ògiri. Gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Bambo mú ìwé rẹ̀ dání, ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tó fi bírò fa ilà sí nínú: orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo omi tí a fi ń po símẹ́ńtì. Ni Bùròdá tó ṣáájú ẹgbẹ́ wa bá gbé páálí jáde. Aṣọ pénpé tí orúkọ ìjọ wa wà láyà rẹ̀ ni, pẹ̀lú bisikíìtì. Ó ní owó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé kí wọ́n wọ aṣọ yẹn ná, ká ya fọ́tò tí a ó fi ránṣẹ́ sílé.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn sọ̀rọ̀, kò pariwo rárá. Ògbufọ̀ ń wolẹ̀, kò túmọ̀ èyí. Bambo ló sọ ọ́ fún wa lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà ní, ṣé aṣọ yìí ni òun máa gbé lọ sídìí ẹ̀rọ lálẹ́ yìí, kí wọ́n bá òun lọ̀ ọ́, kí òun fi ro nsima, ọkà àgbàdo wọn, fáwọn ọmọ òun?

Mo fa Bùròdá lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní, “Bùròdá, ẹ dákun, ẹ pe Pásítọ̀ báyìí. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán kọ́ ló yẹ kó máa tọrọ.” Wọ́n ní, “Ẹ̀yin bíríkìlà, owó ṣáá lẹ máa ń rí. Àwa náà kò gbowó. Ṣebí ilé wọn la wá bá wọn kọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣì ń dùn mí títí di òní. Àwa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni, owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ báńkì bí a ṣe wà níbẹ̀. Àwọn kò ní oṣù kankan tó ń wọlé. Ilé wọn kọ́ tilẹ̀ ni: ti àwọn opó àti arúgbó tí olóyè abúlé yàn ni.

Nígbà tí mo fi padà síwájú ilé, wọ́n ti ń tú ká. Bambo ká okùn rẹ̀, ó fi lẹ́fẹ̀lì sínú àpò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní “Zikomo,” ìyẹn ni “ẹ ṣé” lédè wọn, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, a ò rí ẹnì kankan. Kò sómi, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Àwọn ọ̀dọ́ wa gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn. Ògiri tí wọ́n mọ wọ́, èmi ni mo tú u palẹ̀ kí símẹ́ńtì tó gan.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, owó dé. Pásítọ̀ fúnra wọn bẹ olóyè lórí fóònù. Wọ́n san gbèsè, àwọn èèyàn náà padà, a fi wáyà so òrùlé mọ́ ògiri, a kan páànù, a fún àwọn onílé ní kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé owó alágbàṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá. Ẹ ka gbogbo wọn: bíríkìlà, lébìrà, àwọn tó ń pọnmi, ẹni tó ń dáná, ọlọ́dẹ, ògbufọ̀. Ẹ bá olóyè àti olórí òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ wo iye tí àgbàdo jẹ́ lọ́jà, kì í ṣe iye tí pọ́n-ùn ń ṣẹ́. Kí owó náà pé lọ́hùn-ún kí ẹ tó débẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ dín èrò kù. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan láti London á san owó ọ̀pọ̀ alágbàṣe.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ onílùú darí iṣẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwòrán tí wọ́n yà ní London fi ilé kan sí ibi tó tẹ́jú dáadáa. Bambo fi ẹsẹ̀ tì òkúta kan níbẹ̀, ó rí bìrìkìtì, ó ń dán. Ó ní omi ló yí i dé ibẹ̀, omi á sì tún gba ibẹ̀. A gbé ilé náà kúrò. Ẹ wá sọ fún mi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a jẹ lówó? Ẹ ò lè pe èèyàn lọ́gàá kí ẹ máa jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ti fọ́tò náà, ẹ sanwó tán kí ẹ tó béèrè. Ọ̀rọ̀ owó náà ni mo tún padà sí yẹn, mo mọ̀.

Àwọn kan ti ń sọ pé mò ń ta epo sí àlà ìjọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi ìjọ náà sílẹ̀. Léfítíkù 19:13 wà nínú Bíbélì gbogbo wa: owó ọ̀yà alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lọ́wọ́ wa.

Wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo sọ fún Pásítọ̀ pé n ó lọ, bí owó àwọn òṣìṣẹ́ bá ti wà ní báńkì ní Blantyre, ìlú ńlá kan ní Màláwì, kí wọ́n tó gba ìwé ìrìnnà mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ìwé báńkì ni mò ń retí báyìí.