Owó Marner Fẹ́ Já Sílẹ̀, Ẹ Má Sáré Ná An

Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọjà á ṣí. Gbogbo eléré họ́kì tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí nínú NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí kò sì sí ìdè kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́, á lè bá ikọ̀ tó bá wù ú lọ. Níbí ní Toronto, Canada Day ni ọjọ́ ọ̀hún, àwọn èèyàn á máa yan ẹran lẹ́yìnkùlé, síbẹ̀ ojú wọn ò ní kúrò lára fóònù. Èmi náà ńkọ́? Láti ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún tí Florida ti nà wá ní 6-1 nílé ara wa, tí wọ́n sì lé wa sílé, ni mo ti ń ṣírò owó Maple Leafs, ikọ̀ họ́kì Toronto wa, bí ẹni pé èmi ni akápò wọn.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò le. Líìgì ló ń fi gbèdéke sí iye tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí owó àwọn eléré. Ní sáà 2024-25 tó kọjá, mílíọ̀nù 88 dọ́là Amẹ́ríkà ni. Ní sáà 2025-26 tó ń bọ̀, ó di mílíọ̀nù 95.5. Nínú mílíọ̀nù 88 yẹn, èèyàn mẹ́rin péré ló ń kó ju ìdajì lọ: Auston Matthews ń gba 13.25, William Nylander 11.5, John Tavares 11, Mitch Marner 10.9. Ẹ rò ó pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 46. Gbogbo àwọn tó kù, títí kan àwọn gólì méjèèjì tó ń ṣọ́ ẹnu àwọ̀n, ló wá ń pín ìyókù jẹ. Tavares àti Marner ni àdéhùn wọn ń parí lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Bíi mílíọ̀nù 22 ló fẹ́ já sílẹ̀ lójijì, ká tó fi èyí tí gbèdéke fi gòkè kún un.

Ká kọ́kọ́ sọ ti Marner, nítorí òun ni gbogbo ìlú ń sọ. Ọmọ ibí ni, Markham ni wọ́n bí i sí, òun ni Leafs fi yíyàn kẹrin mú ní dráfítì ọdún 2015, ìyẹn ètò tí àwọn ikọ̀ fi ń yan ọ̀dọ́ eléré ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá sáà tó fi kó pọ́ńtì 102 (góòlù tó jẹ àti èyí tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jẹ), èyí tí kò kó rí. Nínú playoff, ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń wá aláṣeyọrí, pọ́ńtì 13 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13. Ẹni tó bá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje tí Florida ti nà wá yẹn á rántí bó ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì, tó ń jágbe mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n jí lójú oorun. Wọn ò jí. Àwọn èrò tó sanwó wọlé sì ń ju jẹ́sí sórí yìnyín.

Lọ́kàn tèmi, Marner ti lọ. Ìròyìn tó gbòde nínú oṣù Kẹta ni pé Leafs fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n lè rí Mikko Rantanen, gbajúmọ̀ eléré ikọ̀ mìíràn, mú, pé Marner ló kọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó wà nínú àdéhùn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e lọ síbì kankan bí kò bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ti fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fẹ́ kó wá máa ṣe kí ni? Nítorí náà, kì í ṣe Leafs ló ń ṣe ìpinnu yìí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù sí wọn lọ́wọ́: lábẹ́ òfin tó wà ní 2025, ikọ̀ tí eléré bá wà nìkan ló lè fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ, ọdún méje ni níbòmíràn. Bí Marner bá ń fẹ́ ọdún kẹjọ, ikọ̀ tó ń wá a gbọ́dọ̀ wá bá Brad Treliving, ọ̀gá tó ń ra eléré fún Leafs, sọ̀rọ̀ kí oṣù Kẹfà tó parí. Ohunkóhun tí wọ́n bá mú wá, kó gbà á. Ohun tó bá wọlé sàn ju ọwọ́ òfìfo lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọn ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà tí a ń jẹun, ńṣe ni wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ fi dípò pọ́ńtì 102? Ṣé wọ́n ń tà á ní Costco ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni dípò ẹ̀."

"Kí ni wàá wá fi owó ọ̀hún ṣe? Wàá kó o lọ sí báńkì?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kó pamọ́. Ojoojúmọ́ ni líìgì ń ṣírò gbèdéke yìí. Àyè tí o kò bá lò nínú oṣù Kẹwàá, tó bá fi máa di oṣù Kẹta tí àkókò pàṣípààrọ̀ ń parí, á ti ra ẹni tó tóbi ju iye rẹ̀ lọ, torí owó ọjọ́ díẹ̀ tó kù nínú sáà nìkan lo máa san lórí onítọ̀hún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Treliving ti jókòó sórí irú àga yìí rí. Ní Calgary ni, ní ọdún 2022. Olóògbé Johnny Gaudreau, tó kó pọ́ńtì 115 ní sáà yẹn, lo òmìnira rẹ̀, ó lọ sí Columbus, Calgary ò sì rí kọ́bọ̀ gbà lórí ẹ̀. Kò pẹ́ tí Matthew Tkachuk náà fi ní òun ò ní pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Treliving fi Tkachuk ránṣẹ́ sí Florida, ó gba Jonathan Huberdeau àti MacKenzie Weegar pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà, pé ọkùnrin yìí gbọ́n. Huberdeau náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó pọ́ńtì 115 ni. Kó tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo fún Calgary, wọ́n ti fún un ní ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 84 dọ́là. Nínú oṣù kan náà, wọ́n fún Nazem Kadri ní ọdún méje. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, pọ́ńtì 55 ni Huberdeau kó, Calgary ò sì dé playoff. Tkachuk ní tiẹ̀ ti gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL, lẹ́ẹ̀mejì báyìí ní Florida, èyí tó ṣe ìkejì ò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin. Toronto gan-an ti jẹ irú iyán yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n fún David Clarkson, ọmọ Toronto tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀, ní ọdún méje, mílíọ̀nù 36.75. Góòlù márùn-ún ló jẹ ní sáà àkọ́kọ́. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi gbé e fún Columbus, tí wọ́n sì gba Nathan Horton tí ẹ̀yìn ń dùn débi pé kò lè gbá họ́kì mọ́. Ẹ ò rí i? Ẹni tí kò lè gbá rárá sàn lójú wọn ju àdéhùn Clarkson lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí ọjọ́ kìíní ó tó pé ni Matthew Knies. Ọmọ ọdún 22 ni, yíyàn kẹtàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi mú un ní 2021, góòlù 29 ló jẹ ní sáà yìí. Bí Leafs bá wà ní ìkọlù, ẹ fi ojú wá a, iwájú gólì ni ẹ ó ti rí i. Á dúró ṣinṣin, ìdí rẹ̀ á kọjú sí gólì, àwọn adènà ikọ̀ kejì á máa fi igi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa tì í, kò ní kúrò. Gólì ò ní rí pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, títí yóò fi wọlé. Irú iṣẹ́ yìí ni a kì í rí nínú oṣù Karùn-ún látọ̀dọ̀ àwọn tí a ń sanwó rẹpẹtẹ fún.

Knies ò ní òmìnira pátápátá, Leafs ló ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ikọ̀ mìíràn lè kọ ohun tí wọ́n ń pè ní offer sheet sí i. Bó bá fọwọ́ sí i, Leafs ní ọjọ́ méje láti san iye kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba yíyàn dráfítì, ọmọ á sì lọ. Ẹni tó bá rò pé kò lè ṣẹlẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ Edmonton. Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, St. Louis kọ ìwé sí Philip Broberg àti Dylan Holloway lọ́jọ́ kan náà. Edmonton kún dé ẹnu gbèdéke, wọn ò san án. Yíyàn ìpele kejì àti ti ìpele kẹta ni wọ́n rí gbà nínú dráfítì. Holloway dé St. Louis, ó kó pọ́ńtì 63. Bí Knies bá ní mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ lóun fẹ́ fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n fún un kí wọ́n dúpẹ́. Bí gbèdéke ṣe ń gòkè yìí, líìgì ti kéde pé ó máa tó mílíọ̀nù 104 ní sáà 2026-27, owó yẹn ò ní pẹ́ dà bí owó kékeré.

Tavares wá ńkọ́? Ọmọ ọdún 34 ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá mọ́, ojú gbogbo wa ló ṣe. Àmọ́ góòlù 38 ló jẹ. Èmi ò lè gbàgbé ọjọ́ tó dé ní 2018, tó gbé fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ síta, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ Leafs sí. Mi ò sì lè gbàgbé Tampa ní oṣù Kẹrin 2023: òun ló jẹ góòlù àfikún àkókò tó gbé wa kọjá ìpele àkọ́kọ́, ohun tí a kò rí láti ọdún 2004. Ó gbé ipò balógun sílẹ̀ fún Matthews lọ́dún tó kọjá láìsí ariwo. Mo fẹ́ kó dúró, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò gbọdọ̀ mú wa san ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Bó bá gba mẹ́rin àti díẹ̀, ẹ fún un ní ọdún mẹ́rin tó bá fẹ́. Bó bá ní mẹ́jọ lóun fẹ́, ẹ bá mi kí i.

Ní ti Sam Bennett tí gbogbo èèyàn ń pè lórí rédíò, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ Ontario ni, òótọ́ ni, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù nínú playoff. Òun náà ló fi ìgúnpá gbá Anthony Stolarz lórí tí gólì wa fi bì sórí bẹ́ǹṣì, tí kò sì padà wọlé mọ́ nínú ìdíje náà. Treliving ló yàn án ní dráfítì 2014, òun náà ló tún tà á fún Florida. Kó wá rà á padà báyìí ní ìlọ́po owó, fún ọdún méje? Rárá o. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹnikẹ́ni, kí ọdún rẹ̀ má ju mẹ́ta lọ. A ò tilẹ̀ ní yíyàn ìpele kìíní láti fi tún àṣìṣe ṣe: ti 2025 wà lọ́wọ́ Chicago, ti 2026 ti lọ sí Boston lórí Brandon Carlo, ti 2027 sì ti lọ sí Philadelphia lórí Scott Laughton, pẹ̀lú májẹ̀mú díẹ̀ lórí méjì tó kẹ́yìn yẹn.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Max Pacioretty ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, kó máa lọ ire. Nick Robertson jẹ góòlù 15, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ló ti ní kí wọ́n gbé òun kúrò. Kí wọ́n wá ikọ̀ tó máa jẹ́ kó gbá dáadáa fún un. Steven Lorentz ni kí wọ́n mú dání. Owó rẹ̀ ò ju tọ́rọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo ti kà sílẹ̀, ó ti gba Stanley Cup ní Florida lọ́dún 2024, kì í sì í ṣàròyé bí wọ́n bá fi sí ìlà kẹrin, àwọn tí kì í pẹ́ lórí yìnyín. Kí wọ́n pè é lónìí.