Láti omi dé omi: ohun tí òkè Ìjùmú fi ojú mi rí

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọlé báyìí, àwọn òbí àti tíṣà a máa bi mí pé kí ni kí àwọn ọmọ Síkáòtù kó dání tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù sẹ́yìn kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin orí òkè lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Wọ́n ń retí kí n dárúkọ bàtà, tọ́ọ̀ṣì, àgọ́. Èmi náà a bi wọ́n padà pé, "Níbo lẹ ó ti bu omi lọ́sàn-án ọjọ́ kejì?" Púpọ̀ nínú wọn a rẹ́rìn-ín. Ṣé odò á wá tán lórí òkè ni?

Ó lè tán o. Ó tán lójú mi ní oṣù Kejìlá ọdún 1998.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo sì jẹ́ olórí ẹ̀ka nínú ẹgbẹ́ wa. Àwa mọ́kànlá la gbéra láti ẹ̀yìn Ògìdì: ọmọkùnrin mẹ́sàn-án, ọ̀gá wa tó jẹ́ tíṣà, àti èmi. Ẹni tó kéré jù nínú wa kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ẹni tó bá mọ Ògìdì mọ̀ pé àpáta ló yí ìlú náà ká. Ibi yòówù kí o kọjú sí, òkè ni wàá rí. Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò, ká sùn lókè lẹ́ẹ̀mejì, ká já sí títì ní ọjọ́ kẹta. GSM kò tíì dé Nàìjíríà, ọdún 2001 ló dé. Tí ẹ bá ti wọ igbó, ó di ìgbà tí ẹ bá jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó yín.

"Múra sílẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mọ Síkáòtù, láti ayé Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea lọ́dún 1907. Àwa náà ń pariwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A sì múra lóòótọ́: okùn, àáké, ìkòkò méjì, ìrẹsì, gàrí, kúlíkúlí, àsíá. Ìlù kan pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló ní ká gbé ìlù. Ṣùgbọ́n omi tí a gbé kò ju kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lọ, lítà márùn-ún márùn-ún. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Mo wo máàpù, mo ka odò mẹ́rin tí a máa bá pàdé, mo ní ó ti tó.

Ara máàpù yẹn gan-an ni wàhálà ti wá. Fọ́tòkọ́pì ni, èyí tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì mìíràn. Búlúù ni wọ́n fi ń ya odò sára ojúlówó máàpù, ṣùgbọ́n fọ́tòkọ́pì wa ò mọ búlúù. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ jáde. Odò tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn, ìlà tó já gé-gé-gé ni wọ́n fi ń yà á. Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, ìlà tó já gé-gé-gé ni. Mo gbé ìka lé ọ̀kan, mo sọ fún ọ̀gá wa pé àbùjá rèé, tí a bá gba ibí, a ó ti dé ibi ìsùn kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ kìíní kò ní ìtàn. A rí ìsun omi kan, a pọn ún, a sùn sórí àpáta. Ẹ̀kọ́ kékeré kan wà níbẹ̀: àpáta a máa mú oòrùn sára bí ààrò, tí ẹ bá dùbúlẹ̀ lé e lálẹ́, ẹ ó rò pé ẹnì kan ti bá yín yáná sí i. Títí di ọ̀gànjọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, eyín yín á máa lu ara wọn. Ẹ wọ súwẹ́tà kẹ́ ẹ tó sùn.

Lọ́jọ́ kejì, àbùjá mi bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó tẹ́jú, yanrìn ni, kò sí igi lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, òkúta róbótó róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ga sókè bí ògiri. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe inú odò la wà yìí?" Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé, kó máa rìn. Ó lé ní ogún ọdún, ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí.

Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, odò gbígbẹ náà já sí etí àpáta kan tó ga ju ilé alájà kan lọ, ibi tí omi ti máa ń dà wálẹ̀ nígbà òjò. Kò sí bí a ṣe lè gbé ẹrù sọ̀ níbẹ̀. A yí padà. Nínú odò mẹ́rin tí mo kà, mẹ́ta ló jẹ́ yanrìn lásán. Kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀ ló kù.

Ebi wá dé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé oúnjẹ pín sí méjì: èyí tó ń fún ni lómi àti èyí tó ń mu omi ẹni. Gàrí wà, kí la fẹ́ fi rẹ ẹ́? Ìrẹsì wà, kí la fẹ́ fi sè é? Kúlíkúlí nìkan ló ṣe é jẹ, a sì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ kúlíkúlí ní ọ̀sán ọyẹ́ láìsí omi mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́n ìyẹ̀fun sẹ́nu. Ẹnì kan ní ká fi òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu ká máa lá a. Itọ́ sun díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ara ẹni náà ni, kò fi ohunkóhun kún un. Láti ìgbà náà, iṣu ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n fi epo jẹ ẹ́. Ọsàn náà dára. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń fúyẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ ni.

Ọmọ kékeré yẹn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dákẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ètè rẹ̀ fún, iwájú orí rẹ̀ gbẹ nígbà tí àwa tó kù ń làágùn. Ọ̀gá wa bi í pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn. Ó ní láti àárọ̀, ó sì pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo kọ síbí lọ: ọmọ kì í sọ pé òùngbẹ ti ń pa òun kú. Ẹ máa bi í nípa ìtọ̀ rẹ̀, láìtijú. Tó bá ti pọ́n tàbí tí kò wá mọ́, ẹ dúró, ẹ wá ibòji, ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́ igi la jókòó sí tí a fi gbọ́ ohùn obìnrin lókè wa, tó ń kí wa bí a ṣe ń kíni ní ilẹ̀ Okun. "Okun o! Ọmọ ta nìyí?"

Ìyá kan tó ju àwọn ìyá wa lọ ló ń sọ̀kalẹ̀ láti oko, iṣu wà nínú agbọ̀n lórí òṣùká, akèrègbè wà lọ́wọ́. Ìdààmú ti bá ọ̀gá wa débi pé ìka mẹ́ta ló gbé sókè, ó fi kí i bí Síkáòtù, kó tó rántí dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ò tiẹ̀ wò ó. Ọmọ kékeré yẹn ló lọ bá, ó gbé akèrègbè sí i lẹ́nu, ó ń yọ ọ́ padà: "Má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ kó tutù lọ́nà ọ̀fun ẹ." Ó wá bi wá pé níbo là ń lọ, kí ló gbé wa wọ inú odò. Mo ní, "Ìyá, a ń wá omi ni, odò ti gbẹ."

Ó ní, "Omi ò lọ. Ó sá pamọ́ fún oòrùn ni."

Ó mú wa padà sí ibi kan tí a ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tí odò gbé ṣẹ́ kọ́nà lábẹ́ àpáta. Ẹ̀gbẹ́ ìta kọ́nà náà ni igi kan wà tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo igi yòókù ti rẹ̀ dànù. Ó fi ẹsẹ̀ ya àmì sílẹ̀, ó ní ká gbẹ́ ẹ. Àwo ìjẹun wa la fi gbẹ́ ẹ. Títí dé ọrùn ọwọ́, yanrìn gbígbẹ funfun ni. Lẹ́yìn náà ó yí àwọ̀, ó di bíi ti ṣúgà pupa. Nígbà tó dé ìgúnpá ó tutù, a sì lè fi ọwọ́ fún un pọ̀ kó má tú. Nígbà tí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ dé èjìká, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹ̀gbẹ́ ihò, díẹ̀díẹ̀, bí òógùn.

A fẹ́ bù ú mu lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà gbá ọwọ́ wa dànù. Ó ní ká gbọ́n èyí tó kọ́kọ́ sun nù, ká dúró, ká tún gbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì nù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló mọ́. A ká síkáàfù ọrùn wa sí mẹ́rin, a fi sẹ́ ẹ, a sè é kó hó dáadáa. Ní ìgbà náà, gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ sẹ́mi-sẹ́mi yẹn, nítorí sòbìà ṣì wà ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń kọ́ ará oko pé kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ omi adágún, torí kòkòrò tíntìntín inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọmọ sòbìà. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ lónìí, ẹ má torí ìyẹn jáwọ́. Inú rírun wà nínú omi tí màlúù ti tọ̀ sí.

Kí ni mò ń ṣe báyìí? Mo ti kó ọmọ lọ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì tó ìgbà mélòó kan. Mi ò ka òkè mọ́, omi ni mò ń kà. Mo máa ń lọ bá àwọn tó ń re oko ṣáájú, mo máa ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń mu omi *ní oṣù yìí*, torí tí ẹ bá kàn bi wọ́n pé "ṣé odò wà níbẹ̀," wọ́n á ní ó wà. Ó wà lóòótọ́, nígbà òjò. Láti omi kan dé èkejì ni ìrìn ọjọ́ kan. Tí omi méjì bá jìnnà síra jù fún ọmọ tó kéré jù, ọ̀nà yẹn ò ṣe é gbà, bó ti wù kó rẹwà tó.

Lẹ́yìn náà, ìṣirò. Lítà omi kan, kílò kan ni. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kúrò níbi omi láìní lítà mẹ́ta lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Piọ̀ wọ́tà ogún ló wà nínú àpò kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, lítà mẹ́wàá nìyẹn. Àwa mọ́kànlá ìgbà náà ì bá gbé ju àpò mẹ́ta lọ. Kẹ́ẹ̀gì tiwa, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ti ìdáná mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí omi náà fara ti ẹ̀yìn ọmọ, lókè díẹ̀. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn pátápátá, á máa fà á sẹ́yìn ni. Ẹ mú iyọ̀ àti ṣúgà dání: lítà omi kan, síbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ síbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ déédéé ẹnu síbí. Kẹ́ ẹ sì rìn láàárọ̀ kùtù. Láti aago méjìlá sí mẹ́ta, ẹ jókòó síbi tí ibòji bá wà. Àwọn tó ń kọrin máàṣì lọ́sàn-án gangan, omi ẹnu wọn ni wọ́n ń ná.

Ohun kan tún wà tí mo fúnra mi kíyè sí. Nígbà ogun Núpé, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, orí òkè wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa sá sí, torí ẹṣin àwọn jagunjagun Núpé kì í gun àpáta. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tọmọtọmọ kò lè gbé ibi tí kò sí omi. Nítorí náà, tí mo bá rí àpáàdì tàbí ojú ọlọ lára àpáta lókè, mo máa ń rọra wo àyíká. Omi kì í sábà jìnnà.

Ayé 1998 kọ́ la wà mọ́, mi ò ní tàn yín. Àwọn ajínigbé ti wọ igbó wa. Ẹ má gun òkè kankan láì tíì rí ọba tàbí baálẹ̀ ibẹ̀, láìsí ọdẹ ìlú tàbí fijilanté tó bá yín lọ. Tí wọ́n bá ní àsìkò yìí ò dára, ẹ padà sílé.

Ìyá yẹn kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ó ní ká kó ẹ̀gún yí ihò náà ká kí màlúù má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́, torí àwọn mìíràn ń bọ̀. A ṣe é. Ọmọ kékeré ti ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ti ń ṣàròyé. Nígbà tí a gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ìyá náà wo kẹ́ẹ̀gì wa mẹ́ta, ó wo ìlù tó wà lọ́rùn ọ̀kan nínú wa, ó tún wo kẹ́ẹ̀gì.

Ó ní, "Ta ló fẹ́ jó?"