Schedule C tí n kò kà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì títa ilé ní Houston níbí, ẹjọ́ title company (iléeṣẹ́ tó ń wádìí ìwé ilé, tó sì ń ta ìnṣọ́ránsì lórí rẹ̀) lẹ sábà máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀." Èmi ti jìn sí kòtò yẹn rí, ẹ̀yin ni ará yòókù.

Nọ́ọ̀sì kan ló fẹ́ ra ilé. Ọjọ́ Ẹtì la fi closing sí, ìyẹn ọjọ́ tí a ń buwọ́ lùwé tí ilé fi ń di ti ẹni tó rà á. Ó ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti sọ fún onílé rẹ̀ pé òun ń kó jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni escrow officer, òṣìṣẹ́ title company tó ń bójú tó owó àti ìwé wa, pè mí pé gbèsè kan ṣì wà lórí ilé náà. Ẹni tó ń tà á búra pé òun ti san án tán tipẹ́, kò sì purọ́. Báńkì tó yá a lówó ni kò fi ìwé ìtúsílẹ̀ ránṣẹ́ sí county clerk tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé, báńkì mìíràn sì ti gbé e mì. Ta ni yóò wá buwọ́ lùwé fún báńkì tó ti kú? Ọjọ́ 11 la fi wá onítọ̀hún. Ọjọ́ pé lórí rate, ìyẹn èlé orí owó ilé, tí wọ́n lọ́ọ̀kì fún obìnrin yìí, ó sanwó kí wọ́n tó fi ọjọ́ kún un. Ẹrù rẹ̀ kún pálọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tú ìkòkò jáde nínú páálí ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?"

Mo ti bú àwọn ará title yẹn tán kí n tó ṣí title commitment, ìwé tó ń sọ ohun tí ìnṣọ́ránsì wọn yóò bò àti ohun tó kù láti ṣe, tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbèsè yẹn wà ní Schedule C gbalaja.

Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Schedule B ń sọ ohun tí ìnṣọ́ránsì kò ní bò. C ni ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ká tó lè ṣe closing. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń béèrè ẹni tí yóò ṣe é, mo sì máa ń pe escrow officer lórí fóònù. (Nígbà tí wàhálà kò sí, mo máa ń gbé puff-puff lọ fún wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Survey àtijọ́ (àwòrán ààlà ilẹ̀) àti T-47 (ìwé tí ẹni tó ń tà fi ń búra bóyá nǹkan ti yí padà lórí ilẹ̀ látìgbà survey yẹn), ọjọ́ kìíní ni mo ń béèrè wọn. Bí iye owó bá pẹ́ kó tó ti ọ̀dọ̀ title dé ọ̀dọ̀ báńkì, Closing Disclosure, ìwé tó ń to gbogbo owó tí ẹni tó ń yáwó yóò san, náà yóò pẹ́, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ tẹ ẹni tó ń yáwó lọ́wọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó buwọ́ lùwé.

Ìgbà tí nǹkan bá falẹ̀ báyìí náà ni olè ń ráyè. Bí email bá dé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, kí oníbàárà yín má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú email.

Ní tèmi, n kì í fi closing sí ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ọjọ́rú ni, pàápàá bí oṣù bá ti ń parí lọ. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, a ṣì ní ọjọ́ méjì kí báńkì tó tilẹ̀kùn.