Lógò Tó Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Tí A Kò Rán An

Bí ẹgbẹ́ kan bá ń tọ́jú opó àti ọmọ òrukàn, agbòòrùn ni àwòrán àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí dísáínà tó fẹ́ ya lógò rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, lọ́kàn. Ó bọ́gbọ́n mu: agbòòrùn ń gba òjò, ó ń gba oòrùn, ó ń ṣíji bo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà kan ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọjá ń sọ. PDP ni wọ́n máa pè é. Bí ẹ bá tún wá kun ún ní àwọ̀ ewé, funfun àti pupa, kò sí àlàyé tó lè gbà yín sílẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ìmọ́tótó tó ya ìgbálẹ̀ ti di APC. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, tó ya bàbá, ìyá àti ọmọ, ti di Labour Party. Àwọn àgbàlagbà tó mọ ayé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣì lè rí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group nínú igi ọ̀pẹ lásán. Opó tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun lọ́fíìsì olóṣèlú kò ní wọlé. Ẹni tó fẹ́ ṣètọrẹ á ní òun ò fowó òun polongo ìbò fẹ́nì kankan. Kò sì sí èyí tó máa bi yín léèrè nínú wọn kó tó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí wàhálà lógò ṣòroó rí: àwọn tó ṣì í lóye kì í padà wá sọ.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ẹ rántí àrokò. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan láyé àtijọ́, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i, torí pé ẹfà ni. Bí onítọ̀hún bá dá mẹ́jọ padà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. Kò sí ìfẹ́ nínú ẹyọ. Èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ló ru iṣẹ́ náà dé ilé. Ẹ fi ẹyọ mẹ́fà yẹn kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ló rí.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo yín mọ̀ dunjú ni àgbélébùú pupa. Ní 1864, ní Geneva, ìlú kan ní Switzerland, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé àgbélébùú pupa lórí aṣọ funfun ni kó máa dáàbò bo àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Àsíá Switzerland tí wọ́n pa àwọ̀ rẹ̀ dà ni, wọn ò gbà á lérò pé ẹ̀sìn kankan ni. Síbẹ̀, nígbà tó máa fi di 1876, ìjọba Ottoman, ti àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Turkey, ní ojú tí àwọn ọmọ ogun àwọn fi ń wò ó, ti Kìrìsìtẹ́nì ni. Oṣù pupa, ìyẹn àwòrán òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. 1929 ni àdéhùn Geneva tó wá gba oṣù pupa náà wọlé. Ní December 2005 ni wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un, kírísítálì pupa, onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró bíi dáyámọ́ǹdì, tí kò bá ẹ̀sìn kankan jọ. Ọdún 141 ló wà láàárín àmì àkọ́kọ́ àti àtúnṣe yìí, wọn ò sì lè fagi lé méjì ìṣáájú. Bí ẹ bá rò pé ẹ máa fi ìwé pélébé kan ṣàlàyé lógò yín fún aráyé, ẹ rántí iye ọdún yẹn.

Àṣìlóye kejì wà nílé níbí. Lójú ọ̀pọ̀ wa, àgbélébùú pupa túmọ̀ sí ọsibítù. Ẹ wo bọ́ọ̀dù kẹ́míìsì, ẹ wo ara áńbúláǹsì aládàáni, ẹ wo àpótí fọ́ọ̀sì éèdì nínú bọ́ọ̀sì. Nínú òfin, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n gbà ń lò ó. Bó bá tóbi tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lára, lójú ogun, ohun tó ń sọ ni “ẹ má yìnbọn síbí”. Bó bá kéré tí orúkọ ẹgbẹ́ Red Cross orílẹ̀-èdè kan sì wà níbẹ̀, ó ń sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ náà lẹni tó wọ̀ ọ́. Àdéhùn Geneva ti 1949 kò fàyè gba ẹlòmíràn láti máa lò ó, òfin tó dá Nigerian Red Cross sílẹ̀ ní 1960 náà sì dáàbò bò ó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owú. Ọmọ ogun tó ti ń rí i lára bọ́ọ̀dù oníparasitamọ́ọ̀lù láti kékeré, kí ló máa mú un gbà pé ibi tí wọn kì í yìnbọn sí ni ọkọ̀ tó gbé e kọ́rùn níwájú rẹ̀? Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìlera tó bá ní kí ẹ ya àgbélébùú pupa, ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Bó jẹ́ ibi ìtọ́jú àkọ́kọ́ lẹ fẹ́ fi hàn, àgbélébùú funfun lórí àwọ̀ ewé ni ìlànà àgbáyé ISO 7010 yàn fún un. (Àwọ̀ ewé àti funfun tún ni ti àsíá wa, ẹ dán an wò kí ẹ tó fọkàn tán an, kí wọ́n má lọ pè yín ní òṣìṣẹ́ ìjọba.)

Ejò tí wọ́n ń yà fún ìṣègùn náà ń ṣi ọ̀pọ̀ dísáínà lọ́nà. Ọ̀pá tí ejò kan ṣoṣo lọ́ mọ́, tí kò níyẹ̀ẹ́, ni ti Asclepius, olùwòsàn àwọn ará Gíríìsì. Òun ló wà lára àmì WHO, àjọ ìlera àgbáyé. Ọ̀pá oníyẹ̀ẹ́ tí ejò méjì lọ́ mọ́ jẹ́ ti Hermes, ìránṣẹ́ òrìṣà, tó tún ni ọjà tó sì tún ni olè. Ẹ̀ka ìṣègùn nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà mú ti Hermes ní 1902, àṣìmú náà sì ràn káàkiri. Lójú tèmi, ìjà yẹn kò ṣe pàtàkì tó ìbéèrè mìíràn: kí ni ejò ń ṣe lára bọ́ọ̀dù àwọn aboyún ní abúlé tí wọ́n ti ń fi igi lé e? Àmì ìṣègùn tiwa, ọ̀pá irin Ọ̀sanyìn, ẹyẹ ló wà lórí rẹ̀. Àti pé kí n má gbàgbé: ẹ má ya òwìwí fún ẹgbẹ́ tó ń kó ìwé fún ọmọdé. Ọgbọ́n ni lójú Òyìnbó. Ẹ bi ìyá àgbà kan léèrè ohun tó jẹ́ lójú tiwa.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ọ́tísímù, ìyẹn bí ọpọlọ àwọn kan ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ láti kékeré. Ní 1963, ẹgbẹ́ àwọn òbí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ sí National Autistic Society lónìí, mú ègé kan nínú eré àtòpọ̀, irú páálí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí ọmọdé ń tò títí á fi di àwòrán. Wọ́n ya ọmọ tó ń sunkún sínú ègé náà. Ìdí wọn kò burú: àìsàn tó rú gbogbo èèyàn lójú ni wọ́n kà á sí nígbà náà, wọ́n sì ti wò yíká pé kò sí ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn tó ń lo irú àwòrán yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n yẹ ìjọra wò, wọn ò yẹ ìtumọ̀ wò. Ègé tó dá wà ń sọ pé nǹkan kan kò pé lára ẹni náà. Ẹkún ń sọ pé ìyà ni gbogbo ayé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn dàgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ ọ́: àwọn kì í ṣe àlọ́ tí ẹnì kan fẹ́ já. Ní 2018, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Autism pé àìpé àti àbùkù ni ègé náà ń mú wá sọ́kàn àwọn tó ń wò ó, ìwé ìròyìn náà sì yọ ọ́ kúrò ní èèpo rẹ̀ lọ́dún yẹn. National Autistic Society ti jọ̀wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tàn débi pé bí ẹ bá wá àwòrán ọ́tísímù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣì máa ń yọjú, dísáínà tí kò mọ̀ á sì tún gbé e.

Àwòrán tó péye náà lè sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Páńdà, ẹranko bíi béárì, tó jẹ́ lógò WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, tí wọ́n yà ní 1961 nígbà tí páńdà kan tó ń jẹ́ Chi Chi wà ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, dára: dúdú àti funfun péré, owó ìtẹ̀wé kò pọ̀. Ẹranko nìkan ló ń sọ, nígbà tí iṣẹ́ àjọ náà ti dé orí igbó, omi àti ojú ọjọ́. Ní 1986 wọ́n sọ orúkọ wọn di World Wide Fund for Nature kó lè gba iṣẹ́ náà, àmọ́ wọn ò jọ̀wọ́ páńdà, torí pé ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kọjá kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ náà rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá yà á fún ẹgbẹ́ àwọn adití, adití gan-an ló máa kọjá lọ.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ náà, kí ẹ ka ibi tí wọ́n to èròǹgbà wọn sí, kí ẹ wá jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sórí gbólóhùn kan: “À ń ṣe kí ni, fún ta ni, níbo.” Bí wọn ò bá lè fẹnu kò, ẹ má yà nǹkan kan, torí ohun tó ń bọ̀ ni pé alága á ní kí ẹ fi ìwé sí i, akápò á ní àtùpà, ẹnì kan á ní máàpù Nàìjíríà, ẹlòmíràn á ní ọwọ́ méjì tó ń bọra. Ká ní gbólóhùn náà ni: “À ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní iṣẹ́ aránṣọ ní Ìṣẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ni kí ẹ yà. Ọmọbìnrin tó fọwọ́ lérán ń fi wàhálà hàn, kò fi iṣẹ́ hàn. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra: abẹ́rẹ́ kan náà ni ti nọ́ọ̀sì. Bí òwú bá gba ojú rẹ̀ kọjá, tó lọ́ po lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di ti aránṣọ. Ara máṣíìnì ìránṣọ látẹ̀gbẹ́ tún dáa jù ú lọ, nítorí ó ṣòro kí èèyàn ṣì í pè.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ní sẹ̀ǹtímítà 3, dúdú nìkan, láìsí orúkọ. Ẹ wá èèyàn 20 tí kò mọ ẹgbẹ́ náà: 10 lára irú àwọn tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, 5 tó lè fowó sílẹ̀, 5 tó kàn ń kọjá lọ. Ẹ fi hàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ gbà á padà. Kí lẹ rí? Kí lẹ rò pé àwọn tó ni ín ń ṣe? Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ìbéèrè mẹ́ta náà nìyẹn. Ẹ má béèrè bóyá ó wù wọ́n. Ọmọlúàbí kì í bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹni lójú ẹni, gbogbo wọn á ní ó rẹwà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí ẹni 3 bá dárúkọ nǹkan kan náà tí kì í ṣe tiyín, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi orúkọ sí i kí ẹ wá èèyàn 10 mìíràn. Bí orúkọ kò bá lè mú un kúrò lẹ́nu wọn, ẹ jù ú nù.

Ìwọ̀n tún ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹ mú àtẹ́lẹwọ́ méjì tó gbé irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fẹ́ràn. Ní sẹ̀ǹtímítà 8, àlàfo àárín ìka jẹ́ mìlímítà 2, ó mọ́lẹ̀ kedere. Ní sẹ̀ǹtímítà 1.5, lórí òǹtẹ̀, àlàfo yẹn kò tó mìlímítà 0.4; yíǹkì á dí i pa. Ìka mẹ́wàá á lẹ̀ pọ̀, ewé méjì á yọ lókè. Ìkòkò àgbo tó ń hó ni ẹ máa rí, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á di ti eléwé-ọmọ. Ìka mẹ́ta tó nípọn tó sì jìnnà síra sàn ju mẹ́wàá lọ. Ẹ tún ṣe fọtokọ́pì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa fi ẹ̀dà ṣe ẹ̀dà, torí bí fọ́ọ̀mù ṣe máa ń dé ọwọ́ àwọn ará abúlé nìyẹn. Lórí Wásáàpù, róbótó ni wọ́n máa gé e sí, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún á sì bọ́ kúrò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ igun ni orí ọmọ náà wà, ọmọ tí kò lórí lẹ gbé síta.

Bí èyí tó ti jáde bá jẹ́ aṣìjíṣẹ́, tí kò sì sówó láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn kúkúrú tó ní ọ̀rọ̀ ìṣe sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ní èdè àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́: “A ń kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ ìránṣọ.” Bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà ni kó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwòrán Wásáàpù àti Facebook, lẹ́yìn náà ìwé lẹ́tà. Tíṣáàtì àti fìlà lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbó. Òǹtẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ akọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi abẹ ha ojú rẹ̀, torí bó bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, òun ni wọ́n máa lù sórí lẹ́tà tó ń lọ sí báńkì.