Láptọ́ọ̀pù kékeré tí mo kọ́kọ́ rà, owó mi ló run

Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Láptọ́ọ̀pù ńlá tí mo ń lò wúwo, ṣájà rẹ̀ nìkan tó bíríkì. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ní kí n ra kékeré kan tí n óò máa gbé wọ ìpàdé. Mo ra tuntun inú páálí, lówó pọ́ọ́kú. Ó fẹ́lẹ́, ó dùn ún wò. RAM, ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń wà, jẹ́ 4GB, ibi ìpamọ́ 64GB. Kí ni mo tún ń wá?

Kò pẹ́ kò jìnnà, Windows ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe, àyè ò sí. Mo pa fọ́tò rẹ́, mo kó fáìlì sórí fíláṣì, àyè ò tó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú ìpàdé, ọ̀gá ní kí n ṣí ìṣirò oṣù tó kọjá. Mo tẹ̀ ẹ́. Òrùka kékeré yẹn ń yí, ó ń yí. Ẹni tó jókòó tì mí ti ṣí i lórí fóònù rẹ̀ kí tèmi tó jí.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé eMMC, ibi ìpamọ́ tó lọ́ra, ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD tó yára. Wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, RAM náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè fi kún un láéláé.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àlòkù ni mo wá lọ: irú èyí tí iléeṣẹ́ ń rà fún òṣìṣẹ́, bíi ThinkPad, Latitude, EliteBook. Ara wọn le. Latitude 7290 ni mo mú, ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12.5. Mo tú abẹ́ rẹ̀, mo yọ RAM 8GB, mo ki 16GB bọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gba bẹ́ẹ̀ o. ThinkPad X280 kò tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jó RAM tiẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ẹ wo nọ́ńbà Intel rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù náà, dáadáa. Nínú i5-8350U, 8 tó tẹ̀ lé àmì “-” ni ìran rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 8, torí Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kì í sì í fẹ́ gba àwọn tó dàgbà jùyẹn lọ.

Bátìrì ni wọ́n ti ń fi irọ́ tọrọ owó. Ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity (iná tó lè gbà báyìí) wé Design Capacity (èyí tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun). Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, “bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé iná dáadáa,” kò tó ìdajì mọ́. Mo fi han ẹni tó ń tà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé òmíràn jáde.

Ẹ wọ inú BIOS náà, ìyẹn ètò tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó dé. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan gbáko lórí rẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo dán wò, “n” rẹ̀ kì í jáde àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka iye “n” tó wà nínú gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo, kí ẹ tó sọ pé mo ń ṣàṣejù.