Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó yẹ kí ẹ wò ní Oceania kì í ṣe àṣekágbá

Ẹni tó bá ń ka èsì bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin erékùṣù Pàsífíìkì láti ìhín yóò kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́wàá sí òdo, mẹ́jọ sí òdo, New Zealand gbé ife, ó parí. Òótọ́ sì ni: láti ìgbà tí Australia ti kó ẹrù rẹ̀ lọ bá àwọn ará Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, kò sí ikọ̀ mìíràn tó gba ife U-17 (ti àwọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ) tàbí U-20 (ti àwọn tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ) obìnrin ní Oceania mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá torí ìyẹn kọ̀ láti wò ó, ojú rẹ̀ kò sí níbi tí ìjà wà.

FIFA ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ife àgbáyé U-20 obìnrin kúrò ní ikọ̀ 16, ó di 24 ní ọdún 2024. Ti U-17 tẹ̀ lé e ní 2025. Tíkẹ́ẹ̀tì tí Oceania ní sí ife àgbáyé kọ̀ọ̀kan wá di méjì. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ayé ti mọ ẹni tó ni ín. Èkejì ni wọ́n ń jà sí. Fiji mú un lọ sí Colombia ní 2024, Samoa mú un lọ sí Morocco ní 2025. Ní Morocco yìí ni Flamingos tiwa, ikọ̀ U-17 obìnrin Nàìjíríà, ti pàdé Samoa tí wọ́n sì fàgbà hàn wọ́n ní 4-0.

Nítorí náà, ikọ̀ méjì tó bá ti dé àṣekágbá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lápò. Ìpele tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́rin, ni omijé wà. Tí ìsọ̀rí bá ti jáde, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nínú àtẹ ni apá ibi tí New Zealand wà. Ikọ̀ tó bá máa bá wọn pàdé nígbà tó ku mẹ́rin ti wọ gàù. Ikọ̀ tó wà ní apá kejì àtẹ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Orúkọ ìdíje yìí náà máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. U-16 ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n gbá ní 2024, àmọ́ U-17 ti 2025 ló ń rán wọn lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń rán àwọn kéékèèké lọ gbá fún àwọn àgbà. Àwọn ọmọ kan náà ni, ọdún kan ló fi ṣáájú: ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2008 kò lè sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni U-19 ṣe jẹ́ ọ̀nà sí U-20.

Ìṣirò ìsọ̀rí ló ń pa àwọn ikọ̀ kéékèèké jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀rí oníkọ̀ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní New Zealand na Tonga ní 6-0, ó na Vanuatu ní 12-0, tí Tonga àti Vanuatu wá gbá ọ̀mì 1-1. Àmì kan ni kálukú wọn ní, àmọ́ Tonga ló máa kọjá, torí gbèsè ayò mẹ́fà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ti Vanuatu sì jẹ́ méjìlá. Òfin tí Oceania ti ń lò kò dà bíi ti AFCON tó kọ́kọ́ ń wo ẹni tó na ẹnì kejì: ìyàtọ̀ ayò ni wọ́n ń wò ṣáájú, lẹ́yìn náà iye ayò tí wọ́n jẹ, kí wọ́n tó wo ẹni tó na ẹni. Tó bá ṣì dọ́gba, káàdì ni wọ́n máa kà: ìyẹ̀lò kan yọ àmì kan, ìyẹ̀lò méjì tó di pupa yọ mẹ́ta, pupa tààrà yọ mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ayò keje fi ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́. Ní ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wúwo, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n máa ń fi márùn-ún sẹ́yìn, mẹ́rin síwájú wọn, ẹnì kan ṣoṣo lókè, a sì pàṣẹ pé kí aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà. Èyí tí kò gbọ́n máa ń wá ayò ìtùnú kan, yóò kó gbogbo ènìyàn síwájú, yóò sì jẹ ìyà mẹ́rin sí i. Àwọn míì tún ń ní kí aṣọ́lé máa pàásì kúkúrú nínú àpótí nítorí pé wọ́n rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn ń bí mi nínú púpọ̀.

Ẹ wo kọ́nà kan dáadáa. Bọ́ọ̀lù bọ̀ wá sí òpó tó sún mọ́ ẹni tó gbá a. Aṣọ́lé ti rọ̀ mọ́ ilà rẹ̀, adẹ̀yìnmú tirẹ̀ gan-an ló dí i lójú. Ó fi ìkúùkù kan gbá bọ́ọ̀lù tó ti rin gbingbin. Kò lọ jìnnà. Ibi àmì pẹnárítì ló balẹ̀ sí, ẹnì kan sì ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ìkúùkù méjì tó gbé bọ́ọ̀lù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló yẹ, kí ó sì ti kúrò lórí ilà ní ìṣísẹ̀ kan kí wọ́n tó gbá kọ́nà náà. Ìlú òjò ni Suva, olú ìlú Fiji, nítorí náà ìbọ̀wọ́ pẹ́à méjì ni aṣọ́lé nílò fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ tó gbẹ máa ń yọ̀. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n sí i kó lè di bọ́ọ̀lù mú. Lẹ́yìn eré, abẹ́ òjìji ni wọ́n ń sá a sí, torí oòrùn máa ń mú kó sán. Pápá tí wọ́n tún ń gbá rugby lórí rẹ̀ náà kì í tẹ́jú, tó bá sì ti rin, bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ gùn tó sì ṣeé tú ló yẹ ẹni tó bá máa gbá níbẹ̀.

Ìrìn àjò tún wà ńlẹ̀. Ẹni tó gbéra láti Cook Islands lọ sí Fiji máa ń pàdánù odidi ọjọ́ kan lójú òfuurufú, nítorí ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà. Samoa àti American Samoa fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa wo ara wọn, síbẹ̀ wákàtí mẹ́rìnlélógún ló wà láàárín wọn. Samoa ló fo ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2011 kọjá. Akọ̀wé ikọ̀ tó bá fi kàlẹ́ńdà ilé ka ọjọ́ ìsinmi yóò rí i pé ọjọ́ kan ti sọnù kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ní Tonga, kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìsinmi. Òfin ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ìwé náà ò rọrùn. Ìwé ìrìnnà New Zealand ni àwọn ará Cook Islands ń lò, ti Faransé ni Tahiti àti New Caledonia ń lò. Ìwé ìrìnnà nìkan kò wá tó láti fi hàn pé ọmọ erékùṣù náà ni ọmọ. FIFA fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, tàbí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún tí òfin sọ. Ìwé ìbí ìyá àgbà lè níye lórí ju bàtà lọ. Tí orúkọ sì ti yí padà nígbà ìgbéyàwó, kí wọ́n mú ìwé ìgbéyàwó dání.

Ní Colombia, Brazil na Fiji ní 9-0, Canada na wọ́n ní 9-0, Faransé ní 11-0. Lójú tèmi, kì í ṣe pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Falconets, ikọ̀ U-20 obìnrin Nàìjíríà, máa ń la ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé àti òde kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n tó dé ife àgbáyé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tàbí méjì péré tó le ni ọmọ erékùṣù ń rí. Ìyókù, yálà ó ń na ẹni tí kò tó o, tàbí New Zealand ń nà án.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ ṣọ́ aago. Eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ní Suva, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kan náà ni l'Ékòó. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ní Papeete, olú ìlú Tahiti, aago méjì òru ọjọ́ kejì ni lọ́dọ̀ wa.