Kí ẹ tó gbé sólà sórí ilé àjọ yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àjọ aláàánú máa ń bi mí tí wọ́n bá pè mí ni iye páńẹ́ẹ̀lì sólà tí yóò tó ilé wọn. Èsì mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ iná nínú ilé náà. Inú àwọn kan kì í dùn sí i, torí pé ẹni tó fẹ́ fún wọn lówó ti wà nílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ọkàn rẹ̀ má lọ yí padà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ilé tí iná ti ń ṣòfò, kò sí iye sólà tó máa tó o.

Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ilé ìwòsàn kékeré, gbọ̀ngàn tí àwọn opó ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ilé ìkàwé àdúgbò: irú ilé tí mo ń bá wọn tún ṣe nìyẹn, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń fi jẹnẹrétọ̀ tì í. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225. Oníṣòwò lè bu owó yẹn lé ọjà rẹ̀. Ta ni ilé ọmọ aláìlóbìí fẹ́ bu tirẹ̀ lé? Inú owó wàrà, owó ilé ìwé àti owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ló ti máa jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná nìkan lọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí mítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná, kí ẹ wá lọ dúró níwájú mítà. Iná pupa kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú; bí ilé bá ṣe ń jẹ iná sí ló ṣe máa ń yára ṣẹ́jú sí. Tí ẹ bá ti pa gbogbo nǹkan, tí iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ wá ohun tó ń jẹ iná.

Ní ilé àwọn ọmọ kan, èmi àti bàbá ọdẹ la jọ dúró síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti pa gbogbo ẹ̀?" Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, kò sí èyí tó kù o." Iná pupa yẹn ò sì dáwọ́ dúró. A bẹ̀rẹ̀ sí í já bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bá a ṣe já ti ẹ̀yìnkùlé báyìí, ó dákẹ́. A mú tọ́ọ̀ṣì, a yí lọ sẹ́yìn ilé, la bá bá táǹkì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ohun tó ń léfòó nínú táǹkì, tó yẹ kó pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá kún, ti há. Pọ́ǹpù ń fa omi bọ́ọ̀hóòlù, omi ń ṣàn wọ gọ́tà, láti alẹ́ di òwúrọ̀. Bàbá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àwọn. Owó tí wọ́n fi pààrọ̀ nǹkan tó há yẹn ò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ méjì.

Láti ìgbà náà, mi kì í jókòó ìpàdé lórí owó iná láìjẹ́ pé ọdẹ, alásè àti ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn alábòójútó mọ iye tí wọ́n san. Àwọn mẹ́ta yìí mọ ibi tó ń gbà lọ. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọdẹ, kó máa kọ iye tó wà lára mítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá lè fi ohun díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, ẹ fi kún un, torí iṣẹ́ ni.

Gílóòbù ló kàn. Gílóòbù olókùn àtijọ́ ń jẹ wáàtì 60. LED tó mọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 9. Ilé tó bá ní ogún gílóòbù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́, yóò dín yúníìtì mẹ́fà kù lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi yúníìtì kan sí náírà 200 kí ìṣirò lè rọrùn: náírà 1,200 lójúmọ́ nìyẹn, náírà 36,000 lóṣù. Kò sí lẹ́tà ìtọrọ owó tí ẹ máa kọ tó yá ju ìyẹn lọ.

Ẹ yẹ fírísà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àjọ ló ní méjì tàbí mẹ́ta, tòkunbọ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, tí ìkankan wọn ò kún dé ìdajì. Ẹ fi ilẹ̀kùn rẹ̀ há owó bébà kan, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, ẹ̀rọ náà ò sì ní sinmi tọ̀sán-tòru. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà, ẹ kó ẹrù pọ̀ sínú ẹyọ kan, ẹ gbé e jìnnà sí ìdí ààrò, kí ẹ sì pa àwọn tó kù. Ẹ̀bùn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́.

Níbi ooru ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí pé òun ló ń mú àwọn ènìyàn ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ wọ yàrá tí wọ́n kan páànù sí láìfi àjà sí i, ní aago méjì ọ̀sán lóṣù kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ wo ojú àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀. Orí òrùlé ni ooru yẹn ti ń wá ju ojú fèrèsé lọ. Àjà ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ fi sí i, kí ẹ ṣí ojú atẹ́gùn sílẹ̀ láàárín àjà àti páànù, kí ẹ fi àwọ̀n dí i nítorí àdán. Lẹ́yìn náà, ẹ kun páànù ní funfun pẹ̀lú ọ̀dà tó bá orí páànù mu, kó lè máa dá oòrùn padà. Bí àyè bá wà, ẹ gbin igi sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òjìji rẹ̀ ò ti ní bo ibi tí ẹ fẹ́ to páńẹ́ẹ̀lì sí.

Ẹ tún wò ó bóyá fèrèsé kọjú síra. Ọ̀pọ̀ ilé mísọ́ọ̀nù àtijọ́ ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, àjà gíga àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń dáàbò bo ògiri. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan wá fi bíríkì dí ìhà kan nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé AC síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Ẹ lọ wo àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn: ògiri oníhò-oníhò wà níbẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn wọlé tí kò sì jẹ́ kí oòrùn wọlé tààrà. Ṣíṣí fèrèsé tí wọ́n dí padà, kí ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, wà lára iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù tí mo mọ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má fi èyí tó tóbi tan ẹrù kékeré. Èyí tó tóbi tó ń gbé gílóòbù mẹ́rin àti fáànù méjì, epo tó ń mu kò dín kù tó bí ẹrù náà ṣe dín kù. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó pe oníṣẹ́ sólà, ẹ ó sì rí i pé ohun tí ẹ nílò ti kéré ju ohun tí ẹ rò lọ. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù omi máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá wà, kó kún táǹkì; omi inú táǹkì ò nílò bátìrì. Ẹ ṣírò iye sólà tí ẹ nílò pẹ̀lú oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, kì í ṣe pẹ̀lú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ọyẹ́, kí ẹnì kan máa nu eruku orí páńẹ́ẹ̀lì.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn tó ń fowó ránṣẹ́, yálà ìjọ ni tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Kò burú. Ẹ fi ìwé ọdẹ hàn wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé àjà àti rọ́bà fírísà ló máa jẹ́ kí sólà wọn pẹ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì pẹ̀lú: oní-tubular, irú èyí tí wọ́n máa ń bu omi sí, kì í sábà kọjá ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, lithium máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí díẹ̀ nínú owó tí ẹ ń rí tù jọ lóṣooṣù máa wọ ibẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí páńẹ́ẹ̀lì tó ṣì dára lórí ilé tí wọ́n ti padà sí jẹnẹrétọ̀, nítorí bátìrì nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwòsàn, ẹ má fọwọ́ kan fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára láìbá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ló gbọ́dọ̀ wà tọ̀sán-tòru. Wáyà tirẹ̀ yẹ kó dá wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì pa á nítorí pé a ní ká máa pa iná.

Tó bá jẹ́ pé ilé àyágbé ni, ẹ fi owó yín sórí ohun tí ẹ lè tú kó lọ: gílóòbù, fáànù, ínfátà, páńẹ́ẹ̀lì. Àjà àti ọ̀dà orí páànù, ẹ lọ bá onílé sọ ọ́. Ilé rẹ̀ lẹ ń tún ṣe, ó lè yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Bó bá gbà, kó fọwọ́ sí ìwé kí káfíńtà tó gun òkè.